Èèrà Oníná ti Mobile: Bí A Ṣe Mọ Pupa Yàtọ̀ sí Dúdú

Ẹni tí èèrà bá ta kì í béèrè ẹ̀yà tí ó jẹ́. Yóò gbọn ẹsẹ̀, yóò sá kúrò níbẹ̀, yóò sì máa fi ọwọ́ pa ojú ibi tí ó ń dùn ún. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo àwọn onímọ̀ tí ń ya kòkòrò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ gidi ṣe. Yorùbá kì í pe ìjàlọ ní tanpẹ́pẹ́, kì í sì í pe èyíkéyìí nínú wọn ní ìkán, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwọ̀nyẹn hàn sí ojú, ó sì hàn sí awọ ara pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ èèrà méjì tí ó wọ ìpínlẹ̀ Alabama ní Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrísí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ilé tí wọ́n ń mọ jọra, oró wọn sì ń jó ni bákan náà. Ẹyọ ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ìwé àwọn onímọ̀ pè wọ́n títí di ọdún 1972. Láàárín àkókò yẹn, ìjọba ti ná òbítíbitì owó, ó sì ti da oògùn olóró sí orí ilẹ̀ tí ó tó orílẹ̀-èdè kan, nítorí èèrà tí kò tíì ní orúkọ tí ó tọ́ sí i.

Mobile ni orúkọ ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú èbúté ni, níbi tí ọkọ̀ òkun láti Gúúsù Amẹ́ríkà ti máa ń já ẹrù. Ní nǹkan bí 1918, èèrà dúdú kan bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gúnlẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ kò jáde ní títẹ̀ títí di 1929. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, William Creighton fi í sínú ìwádìí ńlá tí ó ṣe lórí àwọn èèrà Solenopsis ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tòkè-tìsàlẹ̀. Solenopsis ni orúkọ ìdílé tí àwọn èèrà oníná wà nínú rẹ̀. A ń pè wọ́n ní oníná nítorí pé ibi tí wọ́n bá ta máa ń gbóná bí ìgbà tí ẹyin iná bá jó ni, eéwo kékeré tí orí rẹ̀ funfun yóò sì yọ níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Èyí tí ó dé Mobile kì í ṣe àjèjì sí ìwé. Auguste Forel, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ti fún un ní orúkọ náà, richteri, ní 1909, láti ara àwọn èèrà tí a kó wá láti Ajẹntínà. Creighton tò ó sábẹ́ ẹ̀yà kan tí ó fẹjú, saevissima, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka kan lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí, kò sì sí ẹni tí ó rí ìdí láti yẹ̀ ẹ́ kúrò.

Ní àárín ọdún 1930 sí 1945, àlejò kejì gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Pupa rúsúrúsú ni òun, ikùn rẹ̀ nìkan ni ó ṣú. Ní 1942, ọmọkùnrin ọlọ́dún 13 kan tí ń jẹ́ Edward Wilson rí òkìtì rẹ̀ lórí ilẹ̀ òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ní Mobile. Ọmọ yìí ni ó padà di ògbóǹtarìgì onímọ̀ èèrà tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé títí ó fi kú ní 2021. Ní 1949, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìpínlẹ̀ Alabama gbé iṣẹ́ fún un pé kí ó wádìí ibi tí èèrà oníná ti tàn dé. Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu: pupa ń lé dúdú kúrò nílẹ̀. Ibikíbi tí pupa bá dé, dúdú a máa dínkù, títí tí yóò fi kù sí etí ilẹ̀ nìkan.

Nínú àpilẹ̀kọ tí Wilson tẹ̀ jáde ní 1951, ó ka pupa àti dúdú sí àwọ̀ méjì lára ẹ̀yà kan ṣoṣo. Kò yẹ kí a fi ojú aláìbìkítà wo èrò yìí. Wilson rí èèrà tí àwọ̀ wọn wà láàárín. Bí aṣọ méjì bá yàtọ̀ pátápátá, níbo ni èyí tí ó dà bí méjèèjì ti wá? Yàtọ̀ sí èyí, àwọn onímọ̀ ìran rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì lórí àṣà àwọn àgbà bíi Forel, tí wọ́n máa ń fún èèrà ní orúkọ tuntun bí irun kan bá ti lé tàbí bí awọ bá ti pọ́n díẹ̀. Kíkó jọ ni ọgbọ́n ìgbà náà, kì í ṣe yíyà sọ́tọ̀. Àwọn olùkọ́ èdè mọ irú ìṣòro yìí dáadáa. Títí di òní, àwọn kan ń ka Ìṣẹ̀kírì sí ẹ̀ka-èdè Yorùbá, àwọn mìíràn sì ń kà á sí èdè tí ó dá dúró, kì í sì í ṣe pé ẹgbẹ́ kan kò gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ kejì gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹranko ní ìdánwò kan tí èdè kò ní: ṣé wọ́n máa ń gùn, kí ọmọ wọn sì tún bímọ? Ìdánwò yìí gan-an ni kò sí ẹni tí ó ṣe.

Ogun ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ní 1957, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí mílíọ̀nù dọ́là 2.4 láti pa èèrà oníná run. Ní 1958, òfin jáde tí ó ka gbígbé erùpẹ̀ àti igi gbígbìn kúrò ní agbègbè èèrà léèwọ̀. Bàálù ń fọ́n oògùn dieldrin àti heptachlor sórí oko, pápá àti igbó. Ẹyẹ kú, ẹja kú, ẹran ọ̀sìn pàápàá kú. Rachel Carson gbé ẹ̀sùn ìparun yìí kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Silent Spring, ní 1962. Ọdún yẹn kan náà ni a gbé oògùn mìíràn jáde tí ń jẹ́ mirex, tí a pò mọ́ epo sóyà lára hóró pòpòrò àgbàdo kí èèrà lè fi ẹnu ara wọn gbé e wọlé. Mirex pa èèrà oníná, ó sì pa èèrà onílé tí ó yẹ kí ó bá wọn jà. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣófo tán, èèrà oníná ni ó máa ń kọ́kọ́ padà. Nígbà tí ọdún 1970 sí 1979 fi ń lọ sópin, ìjọba ti fòfin de mirex, èèrà sì ń gba ilẹ̀ lọ. Wilson fi gbogbo ìjà náà wé ogun Vietnam.

Kí òótọ́ má fara pamọ́, àṣìmọ̀ ẹ̀yà kọ́ ni ó ba ogun yìí jẹ́. Oògùn olóró kì í wo ojú pupa tàbí dúdú. Bí a bá ti mọ̀ wọ́n yàtọ̀ láti 1930, mirex ìbá ṣe bákan náà. Ibi tí àṣìmọ̀ ti ṣe jàǹbá ni ọ̀nà kejì, èyí tí a kò tíì gbìyànjú dáadáa nígbà náà: wíwá ọ̀tá àbáláyé èèrà náà ní ilé rẹ̀. Ẹni tí kò mọ irú ẹni tí àlejò jẹ́ kò lè mọ ilé tí ó ti wá.

William Buren ni ó yanjú ọ̀rọ̀. Ní 1972, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan tí kò ju ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kòkòrò ti Georgia. Kò lo ẹ̀rọ tuntun kankan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó tẹjú mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ńlá. Ó yẹ kí èyí yé ni: nínú ilé èèrà oníná kan ṣoṣo, àwọn òṣìṣẹ́ kì í dọ́gba. Àwọn kan gùn tó bíi mìlímítà méjì, àwọn mìíràn sì tó mẹ́fà. Àwọn kékeré ni wọ́n pọ̀ jù, àwọn ni ó sì rọrùn jù láti kó sínú ìgò, bẹ́ẹ̀ lára wọn ni ìyàtọ̀ ti fara sin jù. Lára àwọn ńlá, Buren rí i pé ìrísí orí pupa yàtọ̀ sí ti dúdú. Èjìká dúdú yọ gánńgán ní ọ̀tún àti òsì, àárín ẹ̀yìn èjìká náà sì jìn wọlé díẹ̀; èjìká pupa rọra yí ni. Dúdú sì ní àmì kan tí ó máa ń mú ojú: àlà aláwọ̀ yẹ́lò tàbí ọsàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ikùn rẹ̀ lókè, bí ìgbà tí ènìyàn sán bàǹtẹ́ mọ́ ìdí. Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí àwọ̀ a máa yí pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara. Ìrísí orí àti ti èjìká ni ó dúró ṣinṣin láti ilé kan sí òmíràn.

Nítorí náà, Buren gbé richteri dìde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tí ó dá dúró, ó sì fún pupa ní orúkọ tuntun: Solenopsis invicta. Ní èdè Látìnì, invicta ni ẹni tí a kò ṣẹ́gun. Ọdún 15 lẹ́yìn tí ìjọba ti pàṣẹ ìparun ni orúkọ yìí jáde, ó sì ṣòro láti má gbọ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tẹ àyẹ̀wò oró àwọn èèrà wọ̀nyí jáde. Oró èèrà oníná kò dà bí ti oyin tàbí agbọ́n. Èròjà olóró tí ó jọ ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ó ní ìrù kábọ̀nù gígùn. Nínú oró dúdú, àwọn ìrù náà kúrú. Nínú oró pupa, wọ́n gùn. Ẹni tí a ta lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n láìsí iyèméjì. Ẹ̀rí méjì tí ọ̀nà wọn kò pàdé, ti ojú àti ti kẹ́míkà, sọ ohun kan náà.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Buren sọ ọmọ lórúkọ ná, lẹ́yìn náà ni ó wá ilé rẹ̀. Èèrà tí ó fi ṣe àwòkọ́ṣe orúkọ tuntun náà wá láti Cuiabá, ní ìpínlẹ̀ Mato Grosso ní Bràsíl, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sì dábàá ní 1974 pé agbègbè yẹn, ní orísun odò Paraguay, ni pupa ti ṣẹ̀. Ìyípadà ńlá ni èyí, nítorí ilẹ̀ dúdú wà ní gúúsù jìnnà síbẹ̀, ní ìhà Buenos Aires àti Úrúgúwáì. Kò pẹ́ tí àǹfààní rẹ̀ fi hàn: lára àwọn èèrà pupa tí a kó wá láti Mato Grosso ni a ti rí kòkòrò àìfojúrí kan tí ń pa wọ́n lára, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1974 bákan náà. Nígbà tí àyẹ̀wò jíìnì dé, a rí i pé Buren súnmọ́ òtítọ́ ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ lójú. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2008 fi hàn pé agbègbè Formosa, ní àríwá ìlà-oòrùn Ajẹntínà, ni èèrà pupa ti Amẹ́ríkà jọ jù. Odò kan náà ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a bọ́ sí.

Nígbà náà ni ìbéèrè Wilson padà wá. Bí ẹ̀yà méjì bá ni wọ́n, kí ni àwọn èèrà aláwọ̀ àárín tí ó rí? Ní 1985, Robert Vander Meer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ yẹ oró àti ọ̀rá tí ó bo ara èèrà láti Mississippi wò. Wọ́n rí èyí tí kì í ṣe ti pupa, tí kì í sì í ṣe ti dúdú. Ti méjèèjì ni, ní pípò pọ̀. Àyẹ̀wò jíìnì tí ó tẹ̀ lé e fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àmúlùmálà ni wọ́n, wọ́n sì ń bímọ. Lónìí, agbègbè wọn na láti Mississippi kọjá àríwá Alabama dé Georgia, ó sì pọ̀ ju ibi tí dúdú aláìlábùlà kù sí lọ.

Ó dà bí ẹni pé èyí yóò dá Wilson láre. Ṣùgbọ́n ní 1990, Kenneth Ross àti James Trager tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ajẹntínà jáde. Níbẹ̀, níbi tí pupa àti dúdú ti jọ ń gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn kò rí ẹ̀rí pé àwọn méjèèjì ń dàpọ̀. Ilẹ̀ àjèjì ni ó wó ògiri àárín wọn. Nítorí náà, ojú Wilson kò tàn án jẹ. Ohun tí ó rí wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Mobile ni kò tó láti fi dá ẹjọ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bóyá ẹbí méjì máa ń fẹ́ra ní láti béèrè nílé wọn, kì í ṣe láàárín àwọn tí ó bá ara wọn pàdé ní èbúté.

Ọ̀rọ̀ orúkọ pàápàá kò parí sọ́dọ̀ Buren, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ inú ìtàn yìí láìrò tẹ́lẹ̀. Ní ìlú Kairouan, ní orílẹ̀-èdè Tùnísíà, dókítà ọmọ Switzerland kan wà tí ń jẹ́ Felix Santschi. Ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń fi ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ sọ èèrà lórúkọ. Láti gbogbo ayé ni a ti ń kó èèrà ránṣẹ́ sí i. Ní 1916, ó pe èèrà kan láti Ajẹntínà ní wagneri, orúkọ náà sì dákẹ́ sínú ìwé fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Barry Bolton ni ó gbé e jáde ní 1995. Kì í ṣe orúkọ tuntun sí àwọn tí ń ka kòkòrò ní agbègbè tiwa, nítorí ìwé atọ́nà tí ó ṣe ní 1973 fún ìdámọ̀ àwọn ìdílé èèrà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, lára rẹ̀ ìwé tí Brian Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1976 lórí èèrà igbó Nàìjíríà, lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ní Ìbàdàn. Bolton fi hàn pé wagneri ti Santschi àti invicta ti Buren, èèrà kan náà ni. Òfin ìsọlórúkọ sì le: èyí tí ó bá kọ́kọ́ jáde ni ó ni ipò.

Bí a bá tẹ̀ lé òfin yẹn, invicta kú nìyẹn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé, òfin ìjọba àti ìkìlọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ni yóò máa sọ orúkọ tí kò sí mọ́. Ní 1999, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Ìgbìmọ̀ Àgbáyé fún Ìsọlórúkọ Ẹranko pé kí a jẹ́ kí orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ dúró. Ìgbìmọ̀ náà gbà ní 2001. Àgbà fi ipò sílẹ̀ fún àbúrò, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ nínú òfin náà. Ìdájọ́ yìí bọ́gbọ́n mu, nítorí ní ọdún 2001 yẹn kan náà ni a rí èèrà pupa ní Brisbane ní Ọsirélíà, kò sì pẹ́ tí ó fi dé Taiwan àti Ṣáínà. Ní 2011, àyẹ̀wò jíìnì fi hàn pé láti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àwọn àlejò tuntun wọ̀nyí ti gbéra, kì í ṣe láti ilé wọn gan-an. Ní 2023, a ròyìn òkìtì 88 ní Sicily ní Ítálì. Òṣìṣẹ́ ibodè tí ó bá rí èèrà pupa nínú erùpẹ̀ ìkòkò òdòdó nílò orúkọ kan tí kò ní àríyànjiyàn nínú.

Àwọn tí kò gba ìwé kankan gbọ́ ni ó kù. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà, eṣinṣin tíńtìntín kan wà tí ń jẹ́ Pseudacteon. Abo rẹ̀ a máa rà bàbà lórí èèrà oníná, yóò já wálẹ̀, yóò sì gún ẹyin sí i lára kí ojú tó ṣẹ́. Ìdin tí ó bá pa yóò rìn wọ inú orí èèrà. Nígbà tí àkókò bá tó, orí yóò já bọ́, ìdin yóò sì fi agbárí òfìfo ṣe ilé títí yóò fi hu ìyẹ́. Èèrà bẹ̀rù rẹ̀ gidigidi. Bí ó bá ti fò kọjá, wọn a fi oúnjẹ sílẹ̀, wọn a sì fara pamọ́. Ní 1997, a tú ẹ̀yà kan lára rẹ̀, tricuspis, sílẹ̀ ní Florida, ó sì dúró.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan ẹ̀yà kejì, curvatus, tí ó fẹ́ràn àwọn òṣìṣẹ́ kékeré. Las Flores, ní ìpínlẹ̀ Buenos Aires, ni a ti kọ́kọ́ kó o, lára èèrà dúdú. Nígbà tí a tú u sílẹ̀ láti ọdún 2000, ó gbilẹ̀ ní Alabama àti Mississippi, láàárín dúdú àti àmúlùmálà. Ní Florida, níbi tí pupa nìkan wà, ó kọ̀, kò dúró. Ní 2003, àwọn olùwádìí mú curvatus mìíràn wá sí Florida, èyí tí a kó lára èèrà pupa ní Formosa. Èyí dúró, ó sì tàn kálẹ̀. Ẹni tí ó bá fi eṣinṣin Las Flores àti ti Formosa sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò ní rí ìyàtọ̀ kan tí ó ṣeé fi ọwọ́ tọ́ka sí, orúkọ kan náà ni a sì pe àwọn méjèèjì.